Ooru Kékeré Ṣáájú Ooru Ńlá

Àṣìṣe ni Hilla Kantola gbé lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pàdé Eljas Rautio. Inú àpótí kékeré kan ló wà, lábẹ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Èmi kì í yin àṣìṣe, ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ọmọbìnrin yìí ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí mo bá pàdé rẹ̀ lójú títì, màá ṣí fìlà fún un.

Oṣù kejì ọdún ni, ní ìlú Turku. Odò Aura ti dì gbagidi, àwọn ọmọléèwé ń gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni ń gba títì. Hilla ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé nípa ohun tí ooru ń ṣe sí sẹ́ẹ̀lì, àwọn yàrá tíntìntín tí a fi mọ ara èèyàn láti òkè dé ilẹ̀. Ilé kan ló ti ń sin wọ́n nínú àwo. Ilé mìíràn, ní òdìkejì àgbàlá, ni awò ńlá wà, èyí tó ń sọ ohun tí ojú lásán kò tó rí di rírí.

Ó gbé àwo kan tí kò tíì fún ní ooru rárá, ó gba inú yìnyín kọjá. Nígbà tó wọlé, ó ṣe ohun tí gbogbo ọmọ Finland máa ń ṣe láìronú. Ó bọ́ bàtà, ó tẹ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tó ti rin sórí irin amúlégbóná tó wà lára ògiri kó lè gbẹ, ó gbé àpótí lé orí ìbọ̀wọ́, ó sì lọ bu kọfí. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ láti kékeré pé ohunkóhun tó bá ti ìta wọlé, orí irin ni ibùsọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ọkùnrin tó jókòó nídìí awò ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ sì gòkè dé etí. Ìmọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló kọ́. Ti sẹ́ẹ̀lì kò fi bẹ́ẹ̀ yé e. Inú òkùnkùn yàrá náà, ó na ọwọ́, ó gba àwo, ó ní, "Jókòó."

Ó wò ó títí. Hilla rò pé ó ti sùn.

"Àwọn tó ń sinmi lo pè wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. A kò tíì fún wọn ní ooru kankan."

"Wọn ò sinmi o."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa. Wá wò ó fúnra rẹ."

Hilla fi ojú sí awò, ọkàn rẹ̀ sì já. Inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó yẹ kó rú káàkiri bí ìkùukùu ti kó ara jọ sójú kan, ó ti di ẹ̀ṣẹ́ná kéékèèké, mẹ́rin níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, wọ́n ń tàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí sẹ́ẹ̀lì tí ooru ti bá ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn.

"Ibo lo gbé wọn gbà wá?" ni Eljas bi í.

"Àgbàlá. Òtútù ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ooru."

"Lẹ́yìn àgbàlá ńkọ́?"

Hilla fẹ́ dáhùn, ló bá rántí. Ó bo ojú. "Orí irin amúlégbóná. Lórí ìbọ̀wọ́ mi."

Eljas yíjú sí i. Lẹ́yìn náà ó bi í pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́, "Ṣé ìbọ̀wọ́ náà ti gbẹ?"

Hilla bú sẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ti bàjẹ́, ọ̀gá rẹ̀ yóò bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó rín nínú òkùnkùn yẹn, ó ní òun kò rín irú rẹ̀ láti ìgbà tí òun ti dé Turku.

Ó fẹ́ kó àwo náà dànù. Eljas ní, "Má dà á nù. Jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n máa ṣe." Bí wọ́n ṣe jókòó ti ara wọn nìyẹn, tí wọ́n ń gba awò lọ́wọ́ ara wọn, tí àwọn ẹ̀ṣẹ́ná kéékèèké náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ tú ká padà, ó rọ̀, ó dákẹ́.

"Ta ló ní kí wọ́n dákẹ́?" ni Eljas bi í.

Báyìí ni Hilla ṣe ṣàlàyé fún un, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ó ní nínú sẹ́ẹ̀lì, pùrótéènì ni òṣìṣẹ́. Kálukú wọn ló ní bó ṣe gbọ́dọ̀ ká ara rẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. Bí ooru bá dé, wọn a tú, wọn a máa lẹ̀ mọ́ra wọn bí ẹyin tó ń dì nínú epo gbígbóná. Àwọn alágbàtọ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ká àwọn tó tú padà lọ. Nígbà tí nǹkan bá tutù, tí iṣẹ́ kò pọ̀, àwọn alágbàtọ́ yìí kan náà ló ń di akéde kan mú.

"Akéde wo?"

"Létà mẹ́ta àti nọ́ńbà ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Akéde ooru ni mo ń pè é lọ́kàn mi. Òun ni ìmọ́lẹ̀ tí o ń wò yẹn. Àwa la so iná mọ́ ọn lára. Wọ́n dì í mú kó má baà pariwo lásán. Ṣùgbọ́n bí ooru bá dé, àwọn alágbàtọ́ á sáré lọ gba àwọn tó ń tú, wọ́n á fi akéde sílẹ̀. Ó dòmìnira nìyẹn. Òun nìkan kò lè ṣe nǹkan kan o. Mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ so ara wọn pọ̀. Ó ní àbúrò kan tó máa ń wá dara pọ̀ mọ́ wọn nígbà mìíràn. Tí wọ́n bá ti di mẹ́ta, wọ́n á di ojú ibi tó yẹ lára jíìnì mú, ìyẹn ìwé àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì, jíìnì á ṣí, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe alágbàtọ́ tuntun, rẹpẹtẹ."

"Tí wọ́n bá pọ̀ tó ńkọ́?"

"Àwọn tó ṣẹ́kù láìníṣẹ́ á padà wá di akéde mú."

Eljas yí ojú kúrò lára awò, ó wò ó. "Ìyẹn ni pé àwọn tó pè jáde fúnra rẹ̀ ló ń wá pa á lẹ́nu mọ́."

"Àwọn náà ni."

"Àti pé kò sẹ́ni tó kọ́ wọn."

"Kò sí. Ìwọ àti èmi, bá a ṣe jókòó yìí, ó ń ṣẹlẹ̀ nínú wa."

Ẹ̀rù rere ba Hilla, irú ẹ̀rù tó máa ń ba èèyàn nígbà tó bá wo ojú ọ̀run tó kún fún ìràwọ̀. Ó ti ka nǹkan yìí sórí fún ọdún pípẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ló tó ya á lẹ́nu. Ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì nìkan ló fà á.

Nítorí pé wọn kò tíì fẹ́ túká, wọ́n dán nǹkan kan wò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n gbé àwo orí ìbọ̀wọ́ yẹn, wọ́n gbé òmíràn tí kò rí ooru rí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fún àwọn méjèèjì ní ooru ńlá, ooru tí ń pani. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn tí kò rí ooru rí ti kú, wọ́n léfòó sórí omi. Àwọn ti orí ìbọ̀wọ́ ṣì di ìsàlẹ̀ àwo mú, púpọ̀ nínú wọn, láàyè.

"Ooru kékeré ti kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀," ni Hilla wí. "Alágbàtọ́ ti wà nílé kí ooru ńlá tó dé."

Ojú Eljas ti funfun bíi yìnyín ìta. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn, ó sì jáde lọ. Hilla rò pé oorun ló ń kùn ún.

Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ ti wọ àárín wọn. Ẹ̀yin tó mọ ọmọ Finland mọ̀ pé ìfẹ́ wọn kì í pariwo. Wọ́n á mu kọfí, wọ́n á jẹ búrẹ́dì aládùn, wọ́n á rìn létí odò láìsọ nǹkan kan, tí wọ́n bá délé, wọ́n á ní àwọn gbádùn ọ̀rọ̀ náà gan-an.

"Ọ̀rọ̀ mẹ́rin lo sọ lónìí, Eljas," ni Hilla fi ṣe yẹ̀yẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Mo ń kà wọ́n. Méjì nínú wọn, kọfí ni."

"Méjì tó kù ńkọ́?"

"O ní 'wúrà mi'."

"Èyí tó ṣe pàtàkì nìyẹn. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?"

Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ Hilla lóminú. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí ó bá ní kí wọ́n lọ sí sáúnà, ilé ìwẹ̀ ooru tó wà létí òkun, Eljas á ní iṣẹ́ wà nílẹ̀. Gbogbo Sátidé. Hilla gbà pé ojú ló ń tì í.

Nígbà tí yìnyín yọ́, Hilla mú un lọ hàn sílé. Abúlé àwọn Kantola wà létí adágún Pyhäjärvi. Hilla nìkan ni Tauno àti Raili bí. Tauno jẹ́ àgbẹ̀ tó ti dàgbà, ó dákẹ́ ju ọmọ rẹ̀ lọ. Raili ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà mọ́ tara rẹ̀.

"Òun nìyí?" ni Raili wí lẹ́nu ọ̀nà, ó wo Eljas látòkè délẹ̀. "Ó tẹ́ẹ́rẹ́ o. Kò burú, ọ̀dùnkún wà. Bàbá rẹ ti ń la igi láti òwúrọ̀ nítorí rẹ̀. Mo ní kó rọra, kó má baà se ọmọ ọlọ́mọ bí edé."

Sáúnà Tauno ló gbóná jù ní gbogbo àdúgbò yẹn, gbogbo èèyàn ló mọ̀, Tauno gan-an kò sì fi pa mọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, aṣọ ìnura méjì wà léjìká rẹ̀, èéfín ń rú lókè. Fún un, ojúṣe bàbá nìyẹn. Ọkọ ọmọ kì í bá àna rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì nínú yàrá jíjókòó, inú sáúnà ni.

Eljas rí èéfín náà, ó dúró gbágbá.

"Ẹ ṣé gan-an, Bàbá," ló wí. "Mi ò ní lè wọ̀ ọ́."

"Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá."

Tauno wò ó. Ó mú aṣọ ìnura kan kúrò léjìká, ó rọra gbé e kọ́ sára ìṣó, ó sì wọlé lóun nìkan. Gbogbo wọn ló gbọ́ bí omi ṣe ń han lórí òkúta gbígbóná, léraléra, bí ẹni pé ó fẹ́ da gbogbo adágún sí i. Nídìí oúnjẹ alẹ́, Raili nìkan ló sọ̀rọ̀. Ó sọ ti ẹja, ó sọ ti òjò, ó sọ ti aládùúgbò tó ra ọkọ̀ tuntun, títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu òun náà.

Kí wọ́n tó lọ lọ́jọ́ kejì, Tauno pe ọmọ rẹ̀ sídìí igi ìdáná.

"Inú sáúnà yìí ni ìyá mi bí mi sí," ló wí. "Inú rẹ̀ la ti wẹ̀ ẹ́ nígbà tó kú. Ẹni tó bá ní òun ò wọ̀ ọ́, tó sì ní ara òun yá, ilé mi ló kọ̀."

"Bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀."

"Báwo ló ṣe rí?"

Hilla kò mọ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

"Mi ò ní dá ọ dúró," ni Tauno wí. "O ti dàgbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ ẹ, mi ò ní sí níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Hilla lára dé egungun. Bàbá rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ méjì. Eljas ni ọkàn rẹ̀ ti yàn, bàbá rẹ̀ sì ni ẹni tó kọ́kọ́ nífẹ̀ẹ́ láyé. Bó bá di ọ̀kan mú, èkejì á já bọ́.

Ní ibùdó bọ́ọ̀sì ni Eljas ti sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó tú bọ́tìnì kọ́là rẹ̀, ó fa aṣọ sẹ́yìn díẹ̀. Láti ọrùn lọ sí èjìká, awọ ara rẹ̀ ń dán, ó hunjọ.

"Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Sáúnà bàbá bàbá mi ló gbiná. Iná ti gba ẹnu ọ̀nà. Fèrèsé kékeré kan wà. Bàbá àgbà gbé mi, ó tì mí gba ibẹ̀ jáde. Kò gba òun fúnra rẹ̀."

Hilla di ọwọ́ rẹ̀ mú, omi ń dà lójú rẹ̀. "Kí ló dé tó ò sọ fún Bàbá?"

"Kó má baà gbà mí nítorí àánú. Mi ò fẹ́ fi òkú àgbàlagbà ra aya. Ṣèlérí fún mi, Hilla. Má sọ fún un."

Ó ṣèlérí. Ta ló máa kọ̀?

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Eljas sọ fún un pé kí wọ́n fi mọ síbẹ̀. "Ìwọ nìkan ni wọ́n bí, wúrà mi. Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó gbà ọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ." Hilla sunkún, ó bínú, ó pè é ní ojo. Eljas kò jiyàn. Láti ìgbà náà, nídìí awò, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ló kù láàárín wọn, òkùnkùn yàrá yẹn sì wá tóbi ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lọ.

Nínú oṣù kẹfà ni Raili pè lórí fóònù. "Bàbá rẹ ń bọ̀ ní Turku wá yẹ ojú wò. Mo ti di ẹja yíyan àti búrẹ́dì dúdú fún un. Tó bá gbàgbé wọn sínú bọ́ọ̀sì, sọ fún mi, màá yẹ ojú náà wò fúnra mi."

Tauno kò gbàgbé ẹja. Ó gbé e wá fún Hilla, ó jókòó sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwádìí, fìlà lórí itan, ó ń wo àwọn ọmọdé onímọ̀ tó ń kọjá pẹ̀lú aṣọ funfun. Ó wá bi ọmọ rẹ̀.

"Kí lẹ tiẹ̀ ń ṣe níbí gan-an?"

Láti ọdún tí Hilla ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, kò bi í rí. Orí ọmọ wú. Ó mú un lọ sí yàrá awò. Eljas wà níbẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá."

"Hmm."

Eljas tẹ̀ síwájú láti to awò fún wọn. Bó ṣe tẹ̀, kọ́là rẹ̀ ṣí, ìmọ́lẹ̀ awò sì tàn sí ọrùn rẹ̀. Ó tò ó tán, ó tẹrí ba, ó jáde. Tauno wo ilẹ̀kùn tó gbà jáde fún ìgbà díẹ̀. Nígbà èwe, ó bá ẹgbẹ́ panápaná abúlé ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà kò sọ ọ̀rọ̀ nípa ìyẹn.

Hilla ní kí bàbá rẹ̀ fi ojú sí awò. Ó fún àwọn sẹ́ẹ̀lì ní ooru, ó sì ṣàlàyé akéde àti alágbàtọ́ fún un bó ṣe ṣàlàyé fún Eljas. Ìmọ́lẹ̀ kó ara jọ. Àwọn ẹ̀ṣẹ́ná kéékèèké yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tauno kò mí.

"Ó wà nínú mi náà?"

"Ó wà nínú yín, Bàbá."

"Nínú sáúnà?"

"Gbogbo Sátidé, láti ìgbà tí wọ́n ti bí yín. Bẹ́ ẹ bá ti jókòó sórí pákó, tára yín bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná gan-an, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í so ara wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta."

Àgbàlagbà náà yọ ojú kúrò, ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, tó le, tó sán, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Mo sì rò pé èmi ni mò ń fara da á," ló wí. Ó tún tẹ̀ ba awò. Hilla kò rí bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí àfi nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá Tauno.

Ó fi àwo méjì mìíràn hàn án: àwọn tí ooru kékeré ti kọ́kọ́ bá ṣe, tí wọ́n di ìsàlẹ̀ mú, àti àwọn tí ooru ńlá já lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Àwọn tó já lù lẹ́ẹ̀kan yìí, gbogbo wọn ló kú?"

"Kì í ṣe gbogbo wọn. Ó máa ń ṣẹ́ ku díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń pẹ́ kí ara wọn tó balẹ̀."

Tauno tún wo ilẹ̀kùn tí Eljas gbà jáde. Ó ní, "Ọmọkùnrin yẹn. Inú àwo wo ló wà?"

Hilla ya ẹnu, ó rántí ìlérí rẹ̀, ó pa á dé. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Ṣé ẹ mọ̀ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Bàbá wo ojú ọmọ rẹ̀, ó sì kà á tán.

"Mi ò bi ọ́ ní nǹkan kan," ló wí. Ó dé fìlà, ó lọ wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀.

Tauno kì í tẹ fóònù. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ ẹ́, tí á sì nà á sí i. Nítorí náà nígbà tí Hilla gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Juhannus, ọdún àárín ìgbà ooru, àyà rẹ̀ já.

"Mú un wá," ni Tauno wí. "Sọ fún un pé kò sí ohun tí mo fẹ́ fipá mú un ṣe."

Ó gbé fóònù sílẹ̀.

"Ṣé o sọ fún un?" ni Eljas bi í.

"Mi ò sọ. Ẹ̀mí mi ni mo fi pa á mọ́."

Eljas wo ojú rẹ̀, ó sì gbà á gbọ́. Ó ní, "Ó dáa. Màá wá. Bó bá jẹ́ pé ó dìgbóṣe ni mo ń lọ sọ, màá sọ ọ́ lójúkojú."

Ọjọ́ Juhannus, oòrùn kì í fẹ́ wọ̀ ní ilẹ̀ Finland. Gbogbo abúlé ń rú èéfín. Kò sí sáúnà tí kò dáná létí adágún náà, àfi ọ̀kan. Orí sáúnà Tauno mọ́ kedere. Lórí ọgbà, aládùúgbò wọn tó ra ọkọ̀ tuntun na ọrùn.

"Tauno, ṣé iná ẹ kú ni? Ṣé kí n bù ún wá fún ẹ?"

"Kò kú," ni Tauno dáhùn. "Ó ń sinmi."

"Lọ́jọ́ Juhannus? Ṣé kò ní jẹ́ pé àgbà ti dé báyìí?"

Etí Tauno pọ́n. Raili rọra sọ fún Hilla, "Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yìí, n kò rí kí ojú tì í bẹ́ẹ̀ rí. Mo bi í pé kí ló ń ṣe, ó ní kí n máa se ọ̀dùnkún mi. Mò ń sè é náà."

Tauno ti fi igi díẹ̀ dáná láàárọ̀, ó sì jẹ́ kó jó tán. Ó ti kó eérú jáde. Korobá omi méjì kún dẹ́nu lẹ́bàá àbáwọlé. Èyí tó wá ya Hilla lẹ́nu jù ni pé ilẹ̀kùn sáúnà kò sí láàyè rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti tú u kúrò lára férémù, ó gbé e fara ti igi, kò sì sí ohunkóhun mọ́ láàárín inú ilé yẹn àti koríko ìta.

Ó lọ bá Eljas níbi tó dúró sí. Ó na aṣọ ìnura kan sí i.

"Kò gbóná," ló wí. "Ara rẹ gbóná jù ú lọ. Ilẹ̀kùn kò sì sí. Ẹni tó bá fẹ́ jáde, á jáde. Èmi ń wọlé lọ jókòó ní tèmi."

Ó wọlé. Kò wẹ̀yìn.

Eljas dúró síbẹ̀. Hilla fẹ́ sáré lọ bá a, ìyá rẹ̀ fà á ní aṣọ, ó ní, "Jókòó tì mí." Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé. Eljas gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Ó gbé èkejì. Ó dé férémù, ó fi ọwọ́ kan igi rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì tẹrí wọlé.

Nítorí pé kò sí ilẹ̀kùn, Hilla gbọ́ gbogbo rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, kò sí nǹkan kan láti gbọ́. Ẹyẹ omi ké lórí adágún. Ọ̀dùnkún ń hó nínú ilé, Raili kò dìde lọ wò ó.

"Ta ni iná gbà lọ́wọ́ rẹ?" ni ohùn Tauno bi í nígbẹ̀yìn.

"Bàbá bàbá mi. Ó tì mí jáde lójú fèrèsé."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Aukusti."

Hilla gbọ́ bí ìgbákọ onígi ṣe kan omi. Omi bọ́ sórí òkúta tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò han, ó kàn mí ìmí díẹ̀.

"Aukusti," ni Tauno wí, bí ẹni ń kí àlejò tó wọlé. "O ṣeun."

Ẹkún Eljas kò pariwo. Raili fi etí aṣọ nu ojú tirẹ̀, ó ní èéfín ni, nígbà tí kò sí èéfín kankan.

"Bàbá," ni ohùn Eljas tún wí, "mo fẹ́ fẹ́ Hilla."

"Mo mọ̀. Àbí kí lo rò pé mo torí rẹ̀ tú ilẹ̀kùn mi?" Ìgbákọ tún kan omi. "Ní Sátidé tó ń bọ̀, màá fi igi kan kún un. Tí o bá fẹ́."

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, ní gbogbo ìgbà ooru. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Igi kan, lẹ́yìn náà òmíràn. Ọjọ́ kan wà tí Eljas sáré jáde, tó dúró nínú adágún pẹ̀lú ṣòkòtò, tó ń gbọ̀n. Tauno kàn gbé aṣọ ìnura wá bá a. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, igi kan náà ni, kò dín, kò lé. Aládùúgbò kò yé fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Raili wá sọ fún un lójú ọjà pé bí kò bá pa ẹnu mọ́, ìyàwó rẹ̀ á gbọ́ iye tó ra ọkọ̀ yẹn. Ó pa á mọ́.

Nínú oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ewé ti pọ́n, wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ní ọ̀sán tó ṣáájú rẹ̀, Hilla ń bọ̀ láti etí adágún, ó rí Eljas tó ń gbé ilẹ̀kùn sáúnà kúrò lára igi. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó gbé e, ó tò ó mọ́ férémù, Tauno bá a di ìsàlẹ̀ mú.

Àwọn ọkùnrin méjì náà wọlé. Èéfín ń rú lókè, ó nípọn. Eljas yíjú, ó rí Hilla lórí koríko.

"Wúrà mi," ló wí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn láti inú.

Hilla dúró síbẹ̀. Ó ń rò nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí nínú ara àwọn méjèèjì, àwọn akéde tí kò sẹ́ni tó máa rí láé, tí wọ́n ń kó ara jọ, ní mẹ́ta-mẹ́ta, nínú ọlọ́jọ́ orí àti nínú ọ̀dọ́, láìbéèrè ta lọmọ ta.

Ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ nínú ilé. "Ṣé kí n da omi sí i?"

Pákó ìjókòó dún.

"Ẹ dà á, Bàbá."

Omi sì han.